Wọ́n fa ìlà síbi iṣẹ́ ìyá

Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Bàbá Ìbejì ló máa ń ra ìwé yín bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Èmi kì í rí i kà títí di ọjọ́ kejì, ojú ewé kan nígbà tí omi bá wà lórí iná, òmíràn nígbà tí ọmọ bá ń mu ọyàn. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sì ti ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nínú ìwé àwọn ọmọ tí wọn ò kọ tán.

Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì mi láti gba fọ́ọ̀mù, torí pé pírámárì wan ni wọ́n ń lọ ní oṣù kẹsàn-án. Mo pọn Àlàbá, Ìdòwú di etí ìró mi mú. Akọ̀wé tó wà lórí ìjókòó rí i pé ọwọ́ mi ò dilẹ̀, ó ní, “Ẹ máa pè é, Mà, n ó máa bá yín kọ ọ́.” Mo dúpẹ́. Ó kọ orúkọ àwọn ọmọ, ó kọ ọjọ́ ìbí wọn. Ó dé ibi iṣẹ́ bàbá, mo ní ó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ó kọ gbogbo rẹ̀ pátá, ó tún béèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó kọ ìyẹn náà. Ó dé ibi iṣẹ́ ìyá. Mo ní, “Ilé ni mo wà, mo ń tọ́ ọmọ.” Kò gbójú sókè. Ó mú rúlà, ó fi bírò búlúù fa ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ àlàfo náà dé òpin rẹ̀, ó bọ́ sí èyí tó kàn.

Lásìkò tó ń fa ìlà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún mi wà lẹ́yìn, mo fi gbé ìdí Àlàbá sókè torí ọ̀já ti ń tú. Ọwọ́ òsì mi ń fi etí ìró nu imú Ìdòwú.

Mi ò bá ọmọbìnrin náà jà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a jà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó fún Ìdòwú ní súìtì, ó bá mi so ọ̀já mọ́lẹ̀ kí n tó jáde. Ohun tí gbogbo ayé ń wí ló kọ. Ṣùgbọ́n mo gbé fọ́ọ̀mù náà délé kí bàbá wọn lè fọwọ́ sí i, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ń wo ìlà náà, ó sì dùn mí wọra. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ka ọjọ́ mi kan fún ẹ̀yin àti àwọn tó ń ka ìwé yín, kí ẹ lè mọ ohun tó wà lábẹ́ ìlà.

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Táyé àti Kẹ́hìndé, ọkùnrin kan obìnrin kan, wọ́n ti lé ní ọdún 5. Ìdòwú kò tíì pé ọdún 3. Àlàbá jẹ́ ọmọ oṣù 9. Àpáta la ń gbé nílùú Ìbàdàn, yàrá méjì àti pálọ̀, kò sí ìyá àgbà nílé, kò sí ọmọ ọ̀dọ̀.

Aago 4:45 ìdájí ni mo máa ń jí. Àlàbá ló máa ń jí mi. Eyín méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ, ti òkè ń bọ̀, nítorí náà kí ó tó mu ọyàn yóò kọ́kọ́ fi èrìgì há mi lórí ọmú, n ó sì fi eyín gbá ètè mú kí n má baà pariwo jí àwọn yòókù. Tó bá mu tán, n ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, n ó jáde lọ sídìí kànga. Ilé mẹ́rin la jọ ń pọn kànga náà, ẹni tó bá pẹ́ dé, omi rírú ni yóò bá. Garawa 6 la máa ń lò kí àwọn ọmọ tó lọ sílé-ẹ̀kọ́. Èmi nìkan ni mo ń pọn ọ́n tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún yìí ni Bàbá Ìbejì ti ń bá mi pọn mẹ́rin nínú rẹ̀, n ó sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ògì tí mo fi ń po ẹ̀kọ fún wọn, èmi ni mo rẹ àgbàdo rẹ̀, èmi ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ̀ ọ́, èmi ni mo sẹ́ ẹ. Oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ tún wà. Kẹ́hìndé kì í fẹ́ kí ọbẹ̀ kan ìrẹsì rẹ̀. Táyé kì í jẹ ìrẹsì tí ọbẹ̀ ò bá sí lórí rẹ̀. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, àmọ́ kúlà méjì ni mo máa ń dì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti ká yunifọ́ọ̀mù wọn sábẹ́ fóòmù láti alẹ́, torí NẸ́PÀ ò ṣeé gbọ́kàn lé, bí èèyàn bá sùn lé aṣọ mọ́júmọ́, yóò gún bí ẹni pé wọ́n lọ̀ ọ́. Wíwẹ̀, wíwọ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ tó sọnù, ìgbẹ́ tó ń gbọ̀n Ìdòwú ní kété tí a bá ti fẹ́ jáde. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ mọ gbogbo ìyẹn, mi ò ní fi gùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wò ni títì Àpáta ní aago 7:15 àárọ̀. Àwọn Micra ń sáré mú èrò, ọ̀kadà ń gba ẹ̀gbẹ́, tírélà ń bọ̀ láti ọ̀nà Abẹ́òkúta. Àlàbá wà lẹ́yìn mi. Mo fi ọwọ́ kan di Ìdòwú mú. Ọwọ́ kejì di Kẹ́hìndé mú, Kẹ́hìndé di Táyé mú, àpò ilé-ẹ̀kọ́ méjì wà léjìká mi. A dúró. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wo ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí ọ̀kadà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú ọwọ́ sílẹ̀, kódà bí bàtà bá bọ́. Lọ́jọ́ kan, bàtà Táyé bọ́ láàárín títì, ó wo bàtà, ó wo mí, kò tú ọwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a dé òdìkejì ni mo tó rí i pé mi ò tíì mí láti ìgbà tí a ti gbé ẹsẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń sọdá títì yẹn pẹ̀lú wọn, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, àlàfo wo ni ó yẹ kí wọ́n kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù?

Tí mo bá padà délé, aṣọ fífọ̀ ni, ilẹ̀ gbígbá ni, ọjà ni. Láàárín oṣù tó kọjá, ọjọ́ tí mo gbé Àlàbá lọ gba abẹ́rẹ́ oṣù 9, ti èéyì àti ti ibà pọ́njú, ni mo rí jókòó fún wákàtí méjì gbáko. Ìlà ló gùn, mo sì dúpẹ́ pé ó gùn.

Aago 1 ọ̀sán ni Àlàbá máa ń sùn sí mi lẹ́yìn. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò jí. Bí mo bá jókòó, yóò jí. Bí mo bá dúró láìmira, yóò jí náà. Nítorí náà, etí fèrèsé ilé ìdáná ni mo fi ṣe tábìlì. Ẹ̀kọ tútù kan, àkàrà àárọ̀ kan tàbí méjì. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan bọ́ ewé lára ẹ̀kọ: n ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ etí fèrèsé, n ó fi ìka méjì tú ewé náà láti òkè. N ó máa mi ìbàdí, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, jẹ́jẹ́, n ó sì máa jẹun. Ìdòwú á wá dúró níwájú mi, á la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Mo bu fún un, mo bu sẹ́nu mi. Lẹ́yìn rẹ̀ mo máa ń mu omi, mo sì máa ń wo ìta fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ibẹ̀ dùn mọ́ mi, mi ò purọ́. Èémí ọmọ ń gbóná sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù 8 tí mi ò tíì jókòó jẹ oúnjẹ ọ̀sán, àfi ọjọ́ Àìkú.

Àárín àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń kan ìlẹ̀kùn mi. “Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, bí òjò bá ṣú, ẹ bá mi ká aṣọ mi.” “Ìyá Ìbejì, ẹnì kan ń bọ̀ wá wo mítà, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn fún un.” “Ẹ bá mi gba ẹrù kan lọ́wọ́ ọlọ́kadà.” “Ẹ bá mi mójú tó ọmọ yìí títí n ó fi dé, mi ò ní pẹ́.” Mi ò kọ iṣẹ́ ará ilé, aládùúgbò ẹni ni ará ẹni. Ohun tó ń dùn mí ni gbólóhùn tí wọ́n máa ń fi parí rẹ̀: “Ilé náà lẹ sáà wà.” Bí ẹni pé ilé jẹ́ ibi tí èèyàn ń jókòó sí tí ó ń ka àjà. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ìyá ìyàwó tuntun tó wà lókè wa, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ wa nígbà tí wọ́n ń yan ẹni tí yóò máa fọ aṣọ pẹpẹ. Mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ mi.

Ọ̀sán di alẹ́ báyìí: mo lọ gba àwọn ọmọ ní aago 2, a sọdá, wọ́n jẹun, wọ́n ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n jà, mo là wọ́n, mo dáná alẹ́, mo wẹ̀ fún wọn. Bàbá wọn á wọlé ní nǹkan bí aago 8. N kì í fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ó tó di aago 10:30, Àlàbá á sì jí lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀. Wákàtí 17 ó lé, láì ka ti òru mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé mi ò ṣiṣẹ́ rí. Tíṣà ni mí, mo ní ìwé ẹ̀rí NCE, kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan títí di ọdún 2022 tí mo bí Ìdòwú. Owó oṣù mi nígbà náà jẹ́ 38,000 náírà. Kírẹ́ẹ̀ṣì tó sún mọ́ wa jù ń gba 12,000 lórí ọmọ kan lóṣù, ọmọ mẹ́ta jẹ́ 36,000. Owó ọkọ̀ mi, 9,000. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo ti ṣe ìṣirò náà, èmi àti Bàbá Ìbejì jọ jókòó tì í lóru. Bí mo bá padà sẹ́nu iṣẹ́, 7,000 náírà ni yóò máa jáde lápò rẹ̀ lóṣooṣù kí n lè lọ máa tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ṣì ní kàlẹ́ńdà náà. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ló gbé mi jókòó, n ó mú un jáde fún un.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tó bá bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ní kí ọmọ mu ọyàn nìkan fún oṣù 6, omi lásán kò gbọ́dọ̀ kán sí i lẹ́nu, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ náà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ, oṣù 6 ọyàn. Ẹ̀gbẹ́ wo ni kí ìyá fì sí? Òfin yẹn kan náà sọ pé tí obìnrin bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, mi ò rí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí, èmi náà ò gbọ́ ọ títí mo fi kúrò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ ìsinmi ìbímọ di oṣù 6 fún àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ní ọdún 2014, wọ́n sì fún bàbá ọmọ náà ní ọjọ́ 10. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Mo tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ní ọdún 2023 tí kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka àwọn òṣìṣẹ́ ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà wọ́n padà. Ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣe iṣẹ́ tó mówó wọlé láàárín ọ̀sẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Wákàtí kan! Èmi tí mo ń lo wákàtí 17 lójúmọ́, mi ò sí lára àwọn tó níṣẹ́, mi ò sì sí lára àwọn tó ń wáṣẹ́. Bí èmi àti aládùúgbò mi bá pààrọ̀ ọmọ láàárọ̀ ọ̀la, tí mo ń tọ́ tirẹ̀, tó ń tọ́ tèmi, tí a sì ń san 12,000 fún ara wa lóṣù, àwa méjèèjì á wọ inú ìwé ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ kan náà ni, ẹ̀kọ kan náà ni, títì kan náà la ó máa sọdá.

Bàbá Ìbejì bá mi wá ọ̀rọ̀ náà wò lórí fóònù. A rí i pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ìṣirò iṣẹ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva lábẹ́ ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wọ́n sì fẹnu kò pé títọ́jú ọmọ àti ilé ẹni láìgbowó, iṣẹ́ ni, kí wọ́n máa pè é ní iṣẹ́. Àjọ náà tún ka wákàtí rẹ̀ káàkiri àgbáyé ní ọdún 2018, obìnrin ló ń ṣe ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti yanjú lórí tábìlì àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́jọ́ tó ti pẹ́, kò tíì dé orí fọ́ọ̀mù ní Àpáta.

Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, ní Ìbàràpá. Ẹ mọ ìlú wa. Àwọn oníròyìn àtàwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń ti òkè òkun wá ka ìbejì wa. Wọ́n á béèrè ohun tí a ń jẹ, wọ́n á ya fọ́tò àmàlà àti ọbẹ̀ ilasa, wọ́n á to ìbejì kéékèèké sórí ìlà nínú aṣọ àńkárá kan náà. Láti kékeré ni mo ti ń rí wọn. Mi ò rí ẹnì kan láàárín wọn tó ka wákàtí ìyá ìbejì rí.

Ìyá mi ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà, ọmọ méje ni wọ́n bí. Ohun tí ìyá ọkọ mi máa ń fà yọ nìyẹn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wá kí wa. Wọ́n fẹ́ràn mi, wọn kì í wá lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ wọ́n á ní, “Ìyá Ìbejì, o ò tíì rí nǹkan kan tà ni? Obìnrin kì í ṣe báyìí o.” Mo mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, obìnrin tí kò ní òwò lọ́wọ́ dà bí ẹni tí apá kan ò sí lára rẹ̀, ojú máa ń ti èmi náà. Mo tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ògì ní oṣù kìíní. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìgbẹ́ gbuuru mú Àlàbá, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fi ṣíbí bu omi ORS sí i lẹ́nu, tí mo ń fún un ní síńkì, tí mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti jìn sí i. Nígbà tí mo fi máa rántí, ògì náà ti kan kọjá ohun tí èèyàn ń mu. Mo dà á nù, owó àgbàdo lọ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá ọkọ mi gbàgbé. Nígbà tí ìyá mi ń ta ẹ̀lùbọ́, inú agbo ilé la wà. Ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo ọmọ tó bá fẹ́ jáde, ojú wọn ni yóò gbà kọjá. Ìyàwó bàbá mi àgbà máa ń wẹ̀ fún wa bí wọ́n bá ń wẹ̀ fún ọmọ tiwọn. Bí ebi bá pa mí, ìdáná tí èéfín bá ti ń rú ni mo máa ń lọ. Ìyá mi á dé láti ọjà, wọ́n á bá ọmọ tó ti wẹ̀, tó ti yó, tó ti sùn. Ọwọ́ mẹ́jọ, ọwọ́ mẹ́wàá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nígbà náà. Iṣẹ́ ò dín kù, ọmọ kò dẹ́kun ẹkún, omi kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá látinú kànga. Àwọn ọwọ́ yòókù ni kò sí mọ́. Ó ku ọwọ́ mi méjì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, “ìyàwó ilé.” Nínú agbo ilé tí a ti tọ́ mi, gbogbo obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọ inú agbo ilé náà ni ìyàwó ilé. Ìyá mi tó ń ta ẹ̀lùbọ́, ìyàwó ilé ni. Èyí tó ń rẹ aṣọ láró, ìyàwó ilé ni. Orúkọ ìbátan ni, orúkọ iyì ni, bí àwọn ìyàwó ilé bá jáde níbi ìnáwó, ìyá ìlù á yí sí wọn. Ìgbà wo ló wá di orúkọ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan? Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà wà nínú rẹ̀, ẹ má bínú. Mo ti kà á nínú ìwé yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: “obìnrin náà, tó jẹ́ ìyàwó ilé lásán.” Kí ni “lásán” ń ṣe níbẹ̀? Ẹ ò kọ “birikìlà lásán” rí.

Mo ṣèlérí pé n ó sọ ọ̀rọ̀ garawa omi. Ní oṣù kẹta, ara ìyá mi kò yá, mo gbé Àlàbá pọ̀n lọ sí Igbó-Ọrà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, mo fi àwọn mẹ́ta yòókù sílẹ̀ fún bàbá wọn. Kí n tó lọ, ó ní kí n má ṣèyọnu, ilé náà ni òun sáà máa wà. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Aṣọ tó fi sùn ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdòwú ti sùn sí i lórí ẹsẹ̀, ó ń bẹ̀rù láti gbé e sílẹ̀. Kúlà wà lórí àga, ìbọ̀sẹ̀ wà nínú ìkòkò, ẹ̀rọ tó ní òun máa fi ọwọ́ kàn díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú wà níbi tó gbé e sí láàárọ̀. Mo béèrè pé báwo ni. Kò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, “Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀.” Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ní, “Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, mo jáde síta, mo bá a lẹ́bàá kànga, garawa mẹ́rin ti kún. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di òní, kò sì tíì pa ọjọ́ kan jẹ. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi í pé kí ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe, á ní, “Ilé ló wà.” Ní báyìí, mo ti gbọ́ ọ létí ara mi tó ń sọ fún ọ̀gá kan lórí fóònù pé, “Ìyàwó mi ló ń tọ́ àwọn ọmọ wa.”

Mi ò ní kí ìjọba máa san owó oṣù fún mi. Mi ò sì bá àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ du ohunkóhun, iṣẹ́ méjì ni àwọn yẹn ń ṣe, Ọlọ́run á fún wọn lágbára. Ohun tí mo ń béèrè kò ju ìlà kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìwòsàn, bí ìyá bá ní ọmọ lòun ń tọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin olówó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ fún àwọn tíṣà yín ní ọ̀sẹ̀ 12 tí òfin là sílẹ̀ àti ìdajì wákàtí ọyàn wọn, ìyá kan á wà tí kò ní kúrò bíi tèmi. Ọdún 2006 ni wọ́n ti ka wa kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọjọ́ yòówù kí wọ́n wá, tí wọ́n bá kan ìlẹ̀kùn wa, èmi ni wọ́n máa bá nílé, èmi ni n ó dá wọn lóhùn fún gbogbo ará ilé. Kí wọ́n má fa ìlà sí iwájú orúkọ mi.

Ọjọ́bọ̀ ni Kẹ́hìndé rí fọ́ọ̀mù náà lórí tábìlì. Ó ti ń mọ ìwé kà díẹ̀díẹ̀, ohun gbogbo ló máa ń fi ìka tọ̀. Ó ka orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ka orúkọ bàbá rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà búlúù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, “Mọ́mì, ibí yìí ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ síbí?” Mo ní wọn ò kọ nǹkan kan. Ó ní, “Kí ló dé?” Mi ò rí èsì fún un, mo ní kó lọ bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti sùn, mo mú bírò. Àyè tó wà lókè ìlà náà kò tó nǹkan, torí náà mo kọ ọ́ wínníwínní: “Ó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin.” Láàárọ̀, Kẹ́hìndé fi ìka tọ̀ ọ́, ó kà á sókè fún Táyé. Lọ́jọ́ Ajé ni n ó dá fọ́ọ̀mù náà padà.

Bí ẹ bá rí àyè tẹ lẹ́tà mi jáde, mo mọ̀ pé ẹ máa ń kọ iṣẹ́ ẹni tó kọ lẹ́tà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo kọ sókè ìlà náà ni kí ẹ kọ.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Àpáta, Ìbàdàn.